Ọmọ Kẹjọ Inú Fíìmù

Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù Kejì

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àmúmọ́ra. Ṣé ara yín le? Ṣé ìyá mi wà dáadáa? Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ láti ibi tí mo wà yìí.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń bínú, nítorí oṣù mẹ́ta ti kọjá tí mi ò kọ nǹkan kan. Ẹ forí jì mí. Etí yín kì í gbọ́ fóònù dáadáa, ẹ sì máa ń sọ pé ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ gidi láti sọ á jókòó kọ ọ́. Mo ti jókòó báyìí. Yàrá mi ṣì ni ti tẹ́lẹ̀, lókè ilé ìfọṣọ. Tí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ wọn láàárọ̀, bẹ́ẹ̀dì mi á máa gbọ̀n, ife tí mo gbé sórí tábìlì á sì máa rìn díẹ̀díẹ̀ títí á fi dé etí tábìlì. Mo ti mọ ìgbà tó yẹ kí n nawọ́ mú un.

Ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Ẹ rántí pé iná ni mò ń gbé kiri níbi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Wọ́n ti gbé mi sókè díẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀gá tó ń darí fíìmù ni mo ń jókòó sí báyìí, èmi ni mo ń kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀. Ohun tó fà á ni pé ìtàn kan tí mo sọ nígbà tí a ń jẹun ọ̀sán dùn mọ́ ọn, ó sì fi ṣe odindi fíìmù. Fíìmù ẹlẹ́rìn-ín ni, nípa ọkùnrin ojo kan tó di akọni lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni ò retí. Àwọn tó ti wò ó ní ara tu àwọn, pé àwọn ń rẹ́rìn-ín délé ni.

Awò ojú tí ẹ ní kí n wá fún yín ti wà lọ́nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ lò ó o. Ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí bí ẹ ṣe tọ́jú aago.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹta

Ọmọ mi àtàtà,

Oṣù mẹ́ta! Mo ti ń rò ó pé bóyá wọ́n ti fi ọ́ jọba níbẹ̀ tí o ò fẹ́ ká mọ̀. Kí o má dán an wò mọ́.

Mo gba lẹ́tà, mo sì gba awò ojú. Ó bá mi lójú mu. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó ni mo tó rí i pé àwọn bọ́tìnnì tí mo ti ń rán mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì àwọn oníbàárà láti ọdún tó kọjá kò dọ́gba. Wọ́n kàn ń bọ̀wọ̀ fún àgbà ni, wọn ò sọ. Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Orúnkún ló ń yọ ọ́ lẹ́nu díẹ̀. Ẹnu kò dùn ún rárá.

Ìròyìn rẹ dùn mọ́ mi nínú débi pé mo gbé lẹ́tà náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi onígbàjámọ̀, mo kà á fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. O mọ ọkùnrin yẹn: bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń gé irun, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń gé tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ó ní, "Télọ̀ Alángbá, ta ni ojo tí ọmọ rẹ fi ṣe fíìmù? Kó má jẹ́ pé ìwọ ni o!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. O kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí mo gun orí kẹ̀kẹ́ ìránṣọ tí mo ń pariwo "Ẹ gbà mí" nítorí alángbá kan ṣoṣo, orúkọ yẹn kò sì tíì fi mí sílẹ̀ di òní. Kò dùn mí. Òótọ́ ni. Mo bẹ̀rù alángbá, mo bẹ̀rù ajá, mo bẹ̀rù àkàbà tó bá ga.

Ìtàn wo gan-an lo sọ fún wọn? Kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, kí n lè fi pa onígbàjámọ̀ lẹ́nu mọ́.

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ ogún, oṣù Kẹrin

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú òjò o, mo mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Ẹ bá mi kí ìyá mi. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n má máa kúnlẹ̀ fọ ilẹ̀ mọ́, ìgbálẹ̀ olómi tó ní igi gígùn wà lọ́jà.

Inú mi dùn pé awò ojú dára. Ní ti ìtàn yẹn, ìtàn lásán ni, bàbá. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ń sọ nígbà tí oúnjẹ wà lẹ́nu. Ọ̀gá sì ti fi kún un, ó ti yọ kúrò níbẹ̀, kò fẹ́ẹ̀ jọ ohun tí mo sọ mọ́. Mi ò rò pé fíìmù náà máa dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí rẹ̀.

Ẹ tún sọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ fún mi. Ṣé ẹ ti pààrọ̀ bẹ́líìtì kẹ̀kẹ́ ìránṣọ tó ń já? Ilé ìfọṣọ ìsàlẹ̀ mi ti ra ẹ̀rọ tuntun. Ife mi ti fọ́.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹfà, oṣù Kẹfà

Mi ò ní kí ọ lónìí.

Fíìmù yín ti dé. Wọ́n ń fi hàn ní ilé sinimá tó wà ní orígun títì ńlá. Onígbàjámọ̀ lọ wò ó lọ́jọ́ Sátidé, òun, ìyàwó rẹ̀, àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó ti di ìyá ọmọ báyìí. Lọ́jọ́ Ajé mo lọ gé irun. Bí mo ṣe yọjú ló ju ẹ̀rọ ìgérun sílẹ̀, ó dì mọ́ mi.

Ó ní, "Ìwọ ni! Ìwọ gan-an ni! Wọ́n kàn fi ẹni tó tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe ọ́ ni!"

Mo ní, "Kí ló dé?"

Ó wá ń rò ó fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ó rò ó láti orí alángbá. Ó rò ó dé orí òjò, bí omi ṣe ya wọ àdúgbò, bó ṣe ká àwọn ọmọ mọ́ inú kíláàsì kékeré tó wà nísàlẹ̀ títì, tí olùkọ́ wọn sì ti sáré lọ wá ènìyàn. Ó ní télọ̀ náà so aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ́ra wọn bí okùn, ó so ó mọ́ òpó, ó wọ inú omi lọ, ṣòkòtò bọ́ nídìí rẹ̀ níwájú gbogbo ayé, kò sì bojú wẹ̀yìn. Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ó wá ní, "Ó sì gbé gbogbo wọn jáde, àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ!"

Ó ti sọ ọ́ tán kó tó rántí. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe yí padà. Ẹ̀rọ ìgérun nìkan ló ń dún nílẹ̀.

Ọmọ mélòó ni mo gbé jáde? Dá mi lóhùn. Méje ni. Ìkẹjọ ni àbúrò rẹ, ọmọ ọdún mẹ́fà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Kékeré nítorí ó máa ń sọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà. Ọdún kọkànlélógún rèé. Mi ò jókòó ti ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn rí, títí kan ìyá rẹ. Ìwọ mú un, o fi ṣe ẹ̀rín fún àwọn tí kò mọ ojú rẹ̀. O gbé e jáde nínú omi bí ẹni gbé garawa. Ṣé o ti gbàgbé rẹ̀ ni? Àbí o rò pé àwa ti gbàgbé?

Mi ò fẹ́ lẹ́tà kankan.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Keje

Bàbá mi,

Mo dojú bolẹ̀. Ẹ ní ẹ ò fẹ́ lẹ́tà, ṣùgbọ́n tí mi ò bá kọ èyí, ẹ ó máa rò pé mo fi àbúrò mi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìparí, kí ẹ tó fà á ya.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni. Òjò ò jẹ́ ká ṣiṣẹ́, gbogbo wa jókòó sórí àwọn àpótí tí a ń kó iná sí, a ń jẹun. Wọ́n ní kí oníkálukú sọ̀rọ̀ ẹni tó lójo jù tó mọ̀. Mo sọ ọ̀rọ̀ yín àti alángbá. Ẹ má bínú, ẹ̀yin náà máa ń sọ ọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan nínú wọn da tíì sára. Ìgbà náà ni obìnrin tó ń kun ojú àwọn òṣèré ní, "Bàbá rẹ yìí ò wá ṣe akin kankan rí láyé rẹ̀?" Inú bí mi. Ó dà bíi pé ó bú yín. Mo bá sọ ti ọjọ́ òjò, bí àwọn ará àdúgbò ṣe sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo dé láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá mi.

Bí mo ṣe ń ka àwọn ọmọ náà lọ, wọ́n ń wo ẹnu mi. Mo dé orí ìkeje. Ẹnì kan ní, "Ìkẹjọ ńkọ́?" Mo la ẹnu láti sọ òótọ́. Bàbá, kò jáde. Ṣe ni mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé, "Ó gbé òun náà jáde." Wọ́n hó yèè. Obìnrin yẹn ní, "Ibo ló wà báyìí?" Mo ní nọ́ọ̀sì ni, ó ti lọ́kọ, ó ti bí ọmọ méjì, ó sì máa ń bá mi jà pé mi ò kọ̀wé sí òun.

Mi ò gbàgbé rẹ̀. Mo ní àbúrò fún ọ̀sán kan láàárín àwọn tí kò mọ̀ mí rí, ó sì dùn mí láti tún pa á lójú wọn. Nígbà tí ọ̀gá ní òun máa fi ṣe fíìmù, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Mo ní lọ́la ni màá sọ ọ́. Mo ń sọ pé lọ́la títí wọ́n fi yà á tán.

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí náà, kí n sọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Mo dé, mo rí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo bi yín pé ó dà. Ẹ ní, "Omi gbé e lọ," ẹ wọ yàrá, ẹ ti ilẹ̀kùn. Gbólóhùn kan yẹn ni gbogbo ohun tí mo mọ̀ títí di òní. Nígbà tí mo tún fẹ́ béèrè, ìyá mi fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ẹni tí wọn ò sọ òótọ́ fún, kò sí ohun tó kù fún un ju kó máa rọ tiẹ̀ lọ.

Màá lọ bá ọ̀gá. Màá sọ fún un pé irọ́ ni, kó tún ìparí rẹ̀ ṣe.

Ọmọ yín tí ojú ń tì.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹsàn-án

Bàbá mi,

Oṣù méjì rèé. Ojoojúmọ́ ni mò ń yẹ àpótí lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ wò, ìyá onífọṣọ ti wá ń mi orí sí mi láti ọ̀nà jíjìn kí n má bàa fi ẹsẹ̀ mi ṣòfò.

Mo ti sọ ọ́ fún ọ̀gá. Ó ṣí fìlà. Ó ní òun kò lè kó fíìmù náà padà, ó ti dé ibi púpọ̀. Ṣùgbọ́n òun lè mú kí wọ́n kọ ọ́ sójú fíìmù ní ìparí, kí wọ́n tó tan iná, pé nínú ìtàn tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ọmọ kan kò jáde. Ó ní òun kò ní ṣe é láìjẹ́ pé ẹbí fọwọ́ sí i.

Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti gbọ́. Obìnrin tó ń kun ojú òṣèré sunkún. Nígbà tí a bá ń jẹun báyìí, kò sẹ́ni tó ń bá mi sọ̀rọ̀. Wọn ò bínú, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ ni.

Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Tí ẹ ò bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, ẹ kàn kọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "rárá" sórí bébà, kí ẹ fi ránṣẹ́. Kódà tí ẹ bá bú mi, inú mi á dùn.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹwàá

Ọmọ mi, ọkọ mi,

Ìyá rẹ ló ń kọ èyí. Bàbá rẹ nìkan lò ń kọ̀wé sí látọjọ́ tó o ti lọ, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n gbé oyún rẹ. Mo ti fi ìyẹn sílẹ̀. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ò dára, fara balẹ̀ kà á.

Bàbá rẹ ti ka àwọn lẹ́tà rẹ. Wọ́n lè sọ pé àwọn ò kà á, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé awò ojú sórí wọn. Ìbínú ti lọ, ohun tó kù ju ìbínú lọ. Wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ àwọn ènìyàn wà níbẹ̀ láìrán. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń jókòó sí látàárọ̀, wọ́n á dojú kọ ògiri. Onígbàjámọ̀ ti wá bẹ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò lè wo ojú rẹ̀. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló dùn wọ́n tó bẹ́ẹ̀, mo sì ní kí wọ́n gbàgbé, pé ẹnu ọkùnrin náà ló ṣáájú rẹ̀ wáyé. Wọ́n ní, "O ò mọ ohun tí ò ń sọ."

Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ rèé, bàbá rẹ ò mọ̀. Mo ti lọ wo fíìmù náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti lọ. Mo máa ń sọ pé mo fẹ́ lọ ra ọṣẹ. Ọṣẹ ti kún ilé.

Ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń jókòó sí, nítòsí ilẹ̀kùn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ṣòkòtò bọ́, ẹ̀rín jáde lẹ́nu mi, mo sì fi gèlè bo ẹnu kíákíá bí ẹni jalè. Ọmọ tí wọ́n fi ṣe àbúrò rẹ kò jọ ọ́. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ èyí tóbi, kò sì fara balẹ̀. Ṣùgbọ́n òun ni wọ́n fi ṣe ìkẹyìn. Télọ̀ náà á wọlé, gbogbo èrò á dìde, ó sì máa gbé e jáde léjìká. Ọmọ náà á wúkọ́. Ó ń wúkọ́, ọmọ mi. Á la ojú. Bó bá ti là á báyìí, mo dìde, mo jáde. Mi ò kì í dúró de ibi tí wọ́n ti ń fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ télọ̀ lọ́rùn. Ẹni tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì rò pé orí mi ò pé.

Èmi ni mo mú un lọ sí kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó gba ọwọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà, ó ní òun ti dàgbà, ó wọlé. Aṣọ ìgbéyàwó oníbàárà kan láti ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi wé e wá fún mi. Wọn ò jẹ́ kí n ṣí i. Gbogbo ọdún wọ̀nyí, tí mo bá di ojú, wíwọlé rẹ̀ ni mo ń rí. Mi ò rí i kó jáde rí.

Nítorí náà, sọ fún ọ̀gá rẹ pé kó má kọ nǹkan kan sí ìparí. Àwa tó yẹ ká mọ̀, a mọ̀. Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

Ìyá rẹ.


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kọkànlá

Ìyá mi,

Ẹ ṣeun. Ẹ dárí jì mí fún gbogbo lẹ́tà tí mi ò kọ sí yín. Mo rò pé bí mo bá ti kọ ọ́ sí bàbá, mo ti kọ ọ́ sí ẹ̀yin méjèèjì. Ìwà òmùgọ̀ ni.

Mo ti sọ fún ọ̀gá pé kó fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó béèrè ìdí, mo ka ìdajì lẹ́tà yín fún un. Ó gbà.

Ẹ máa lọ wò ó. Èmi ò tíì wò ó tán rí. Bó bá ti kù díẹ̀ kó débẹ̀, màá ní mo fẹ́ lọ wo wáyà kan níta. Ẹ sọ fún bàbá mi pé mi ò ní bi wọ́n ní nǹkan kan mọ́. Kí wọ́n ṣáà ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kejìlá

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí ọ dáadáa. Mo kí ọ fún gbogbo oṣù tí mo fi dákẹ́.

Ìyá rẹ jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní òun tún ń lọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà, pé bí mo bá fẹ́, kí n tẹ̀ lé òun, bí mi ò bá sì fẹ́, kí n máa wo ògiri mi. Mo wọ bàtà, mo tẹ̀ lé e.

Èrò kò pọ̀. O mọ etí mi, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Ojú nìkan ni mo fi wò ó. Télọ̀ yín kò mọ iṣẹ́. Ó ń rán aṣọ láìsí òwú nínú abẹ́rẹ́, ó sì di sísọ́ọ̀sì mú bí ẹni tó fẹ́ fi lu ènìyàn. Nígbà tí alángbá dé, orí tábìlì ló gùn. Èmi ò gun tábìlì. Mo gun kẹ̀kẹ́ ìránṣọ, tó ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rí i tí èjìká àwọn tó wà níwájú wa ń mì fún ẹ̀rín, èmi náà sì ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà, omi dé. Omi yín mọ́ jù. Nígbà tó ku ìkẹjọ, ìyá rẹ di ọwọ́ mi mú. Ọmọ náà jáde, ó wúkọ́, ó la ojú. Ìyá rẹ dìde bó ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n èmi ò dìde. Ó padà jókòó. A wà níbẹ̀ títí gbogbo ènìyàn fi jáde, tí obìnrin tó ń gbálẹ̀ fi ń gbá abẹ́ àga wa. Ibẹ̀ ni mo ti sọ ọ́ fún un. O ní wọn ò sọ òótọ́ fún ọ. O ò parọ́. Gbà á báyìí.

Mo ti ń gbé àwọn ọmọ náà ní méjìméjì, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láyà. Nígbà tó ku méjì, omi ti dé ọrùn mi, ó sì ti lágbára. Mo gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan di okùn aṣọ yẹn mú. Ẹyọ kan ni mo lè gbé. Àwọn méjèèjì dúró lórí tábìlì olùkọ́. Ọmọbìnrin onígbàjámọ̀ ń ké, ó ń gbọ̀n, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀. Àbúrò rẹ dì í mú nídìí aṣọ. Mo nawọ́ sí àbúrò rẹ. Mo fẹ́ kí o mọ̀ ọ́n: òun ni mo kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ó ti ọwọ́ mi sápá kan. Ó ní, "Bàbá, ẹ gbé eléyìí ná. Ẹkún rẹ̀ pọ̀ jù. Èmi ò sunkún." Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Mo gbọ́ràn sí ọmọ ọdún mẹ́fà lẹ́nu. Mo ní, "Dúró síbẹ̀, má mira, mò ń bọ̀." Ó ní, "Mo gbọ́."

Mo gbé ọmọ yẹn dé etí omi, mo gbé e lé ọwọ́ bàbá rẹ̀. Mo yíjú padà, ògiri ti wó.

Àdúgbò fi mí ṣe akọni. Wọ́n ń na ìka sí mi lójú títì. Oṣooṣù ni mò ń jókòó sórí àga onígbàjámọ̀, abẹ ń lọ lẹ́yìn ọrùn mi, ó ń dúpẹ́, ó ń dá àpárá, mo sì ń wo ojú ara mi nínú dígí. Mi ò kórìíra ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ́kọ, tó bímọ, mo ka gbogbo rẹ̀. Mi ò lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ, nítorí mo mọ̀ pé á bi mí ìdí tí mo fi gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Èmi náà ń bi ara mi di òní.

Ìyá rẹ kò bi mí. Ó ní, "Ṣé ẹ̀rù ń bà á?"

Mo ní rárá.

Ó ní, "Ẹ búra."

Mo búra. Ó nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò gbọdọ̀ sọ ọ́ fún onígbàjámọ̀ láéláé. Ọmọ yẹn ò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Kó máa jẹ ayé rẹ̀ lọ ní tiẹ̀." Ìwọ náà ti gbọ́. Mo bẹ̀ ọ́, má fi ṣe fíìmù.

Ní ti irọ́ tó o pa, mo ti rò ó. Èmi náà ń ka ọjọ́ orí rẹ̀ lọ́dọọdún, ó ti pé mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n báyìí. Ṣùgbọ́n mi ò rántí fún un níṣẹ́ kankan rí. Nọ́ọ̀sì dára. Á mọ̀ ọ́n ṣe.

Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé. Ìyá rẹ bá mi gbá a. Láti ọdún náà ni kò ti wọ ibẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni aṣọ tí wọ́n fi wé àbúrò rẹ ti wá. Bí a ṣe ń gbá a lọ́wọ́ ni ọmọbìnrin onígbàjámọ̀ mú ọmọ rẹ̀ obìnrin wọlé, ó fẹ́ kí n wọ̀n ọ́n fún aṣọ ilé-ìwé. Mo nawọ́ sí téèpù. Ìyá rẹ ti mú un. Ó wọn èjìká ọmọ náà, ó wọn apá, ó wọn gígùn, ó ń pè é, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tó parí, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti èjìká.

Ọmọ náà ní, "Ìyá, ẹ ti wọn ibẹ̀ o."

Ìyá rẹ ní, "Mo mọ̀, ọmọ mi. Dúró díẹ̀ sí i."

Bàbá rẹ.